Èsì: Ìdí tí ìlà méjèèjì fi ń pàdé lórí ìwé dáínò

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè ìdí tí ìlà tọ́ọ̀kì àti ìlà họ́sípáwà fi máa ń gba ara wọn kọjá, àti ìdí tí agbára tí dáínò, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀, kọ fún alùpùpù yín kò fi tó èyí tó wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Tọ́ọ̀kì ni ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí. Họ́sípáwà ń sọ bí ipá náà ṣe ń yára ṣiṣẹ́ tó. Bí ẹ bá sọ tọ́ọ̀kì tí a fi pound-feet wọ̀n di ìlọ́po iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, tí ẹ sì fi 5252 pín in, họ́sípáwà ni ẹ óò rí. Ìyẹn ni pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 5252 gan-an ní ìṣẹ́jú kan, iye méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí òṣùwọ̀n ọ̀tún àti ti òsì bá jọra, tí àwọn ìlà náà kò sì pàdé níbẹ̀, ẹ má gba ìwé yẹn gbọ́.

Ní ti agbára tó dín kù, ilé iṣẹ́ sábà máa ń wọn tiwọn lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ló ń yí ìlù dáínò, lẹ́yìn tí gíà àti ṣéènì ti mú ìpín tiwọn. Ẹ tún wo igun ìwé náà bóyá SAE tàbí STD ni wọ́n kọ, ìyẹn ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe iye náà nítorí ojú ọjọ́, nítorí STD máa ń fi nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ga ju SAE lọ.

Èmi kì í kọ́kọ́ wo góńgó ìlà. Mo máa ń fi rúlà lé ibi tí mo ti ń gun alùpùpù mi lójoojúmọ́, láàárín ìyí 3000 sí 6000 ní ìṣẹ́jú kan, kí n lè rí bóyá tọ́ọ̀kì já wálẹ̀ níbẹ̀.