Iná Lọ, Èsì Ìṣirò Wákàtí 31 Kò sì Tíì Wọ Fáìlì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìkòròdú ni mo ń gbé. Mo ń fi Jupyter, ètò tí a fi ń kọ kóòdù lójú ìwé browser, ṣe ìṣirò òjò ọdún pípẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan tí mo háyà ní Jámánì. Nígbà tó di wákàtí 31, iná lọ, modem mi kú, laptop mi náà sì kú tẹ̀lé e. Nígbà tí mo padà wọlé, n kò rí èsì kankan lójú ìwé iṣẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì fi nǹkan kan pamọ́. Ṣé ó ti lọ nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì bọkàn jẹ́, ẹ má sì tẹ Restart rárá, nítorí òun gan-an ni yóò pa ohun tí ẹ ń wá. Iná tó lọ ní Ìkòròdú kò kan kọ̀ǹpútà tó wà ní Jámánì. Ohun tó já ni okùn tó so ojú ìwé yín mọ́ kernel, ìyẹn ètò tó ń ṣe ìṣirò náà, tó sì di èsì yín mú sínú RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà tí ohun inú rẹ̀ ń pòórá bí ètò náà bá kú. Bí àmì ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ kóòdù yín, tó ń fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ, tilẹ̀ ti pòórá, iṣẹ́ lè ṣì máa lọ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ fi SSH, ọ̀nà tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà tó jìnnà, wọ kọ̀ǹpútà Jámánì náà, kí ẹ fi ps aux, àṣẹ tó ń to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́, wò ó bóyá ipykernel, ìyẹn kernel Python yín, ṣì wà láàyè. Bí kò bá sí mọ́, n kò ní tàn yín jẹ: ohun tó wà nínú RAM nìkan ti bá a lọ. Bí ó bá wà, ẹ tẹ jupyter console --existing láti so mọ́ ọn, kí ẹ fi orúkọ fáìlì json ti kernel yín tì í bí kernel bá ju ẹyọ kan lọ. Ẹ pe orúkọ tí ẹ sọ èsì náà, kí ẹ sì fi pickle, irinṣẹ́ Python fún fífi èsì pamọ́, kọ ọ́ sínú fáìlì. Bí kò bá dáhùn, ẹ ní sùúrù. Ìṣirò ló ṣì ń parí lọ́wọ́, àṣẹ yín sì ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Èsì tí ẹ kò sọ lórúkọ lè wà nínú Out, àkójọ tí kernel ń kó èsì kóòdù sí, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kàn fi print gbé jáde ṣòro láti rí gbà padà.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó jáde, ẹ ṣí ojú SSH mìíràn, kí ẹ fi ls -lh wo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó, nítorí exit lásán lè pa kernel náà. Ní ti ìṣirò tó kàn, ẹ jẹ́ kí kóòdù yín máa kọ èsì sínú fáìlì ní gbàrà tó bá ti parí òjò ọdún kọ̀ọ̀kan.