"Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀": ṣé aláìní kò gbọdọ̀ bínú ni?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ta ẹja. Obìnrin tó máa ń kó ẹja fún mi láwìn bú mi lójú gbogbo èèyàn nítorí gbèsè tí mo ti san. Mo ti fẹ́ wọ̀yá ìjà pẹ̀lú ẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà kan di ọwọ́ mi mú, tó ní, 'Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.' Mo dákẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ṣì ń gún mi lọ́kàn. Ṣé torí pé mi ò lówó ni mi ò ṣe gbọdọ̀ bínú? Bó bá jẹ́ olówó ni mí, ṣé ìbínú mi ì bá dáa?"

Àbúrò mi, o kú ìpamọ́ra. Ohun tó o béèrè yìí jinlẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pa òwe náà ṣe rò lọ. Ẹni tó ni ìbínú ni òwe ń pè ní olúwa ẹ̀. Kéèyàn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé kó ní agbára, tàbí alátìlẹyìn tó lè gbé e dúró bí ọ̀ràn bá le. Ìyẹn lojú ọ̀rọ̀. Abẹ́ ẹ̀ ló ṣòro.

Wo bí àwọn àgbà ṣe to òwe náà. Wọn ò ní kó o má bínú. Wọ́n ní ìbínú kò mọ̀. Ó mọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ó mọ ibi tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò mọ bí olówó ẹ̀ ṣe dúró. Ta ló wá yẹ kó mọ̀? Ìwọ ni. Òwe yìí rí èèyàn bí ẹni tí apá kan inú ẹ̀ ń gbóná tí apá kejì ń wòye, èyí tó ń wòye ló sì gbé ẹrù lé lórí. Ìdí nìyẹn tí "inú ló bí mi" kì í fi í gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níwájú àwọn tó ń parí ìjà. Wọ́n á gbà pé inú bí ẹ lóòótọ́, wọ́n á tún bi ẹ́ pé, "Ìwọ alára ńkọ́, níbo lo wà nígbà tínú ń bí ẹ?" Ẹni tó dìde jà nínú ọkọ̀ ojú omi láàárín ọ̀sà lè jàre láti òkè délẹ̀, àre ẹ̀ kò ní kí ọkọ̀ má dojú dé.

Nítorí náà, rárá, òwe yìí kò sọ pé tálákà kò gbọdọ̀ bínú. Èmi ò tilẹ̀ gbà pé ọmọlúàbí ni ẹni tí wọ́n bú láìṣẹ̀ tí kò dùn ún. Bí kò bá dùn ẹ́, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Àgbà kan náà ló ń pa òwe méjèèjì. Ọ̀kan ń sọ pé ó yẹ kó o sọ̀rọ̀, ìkejì ń sọ pé kó o wo ibi tó o dúró sí kó o tó la ẹnu.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nípa òwe yìí o. Àwọn tó ń rẹ́ni jẹ ló fẹ́ràn àtimáa pa á. Ọ̀gá á jẹ owó ọmọ iṣẹ́, á wá máa sọ fún un pé ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́nu ẹni bẹ́ẹ̀, ìhàlẹ̀ ló dà. Ìyá tó di ọwọ́ ẹ mú kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀, kò sì gbè sẹ́yìn oníláwìn ẹ. Ó kàn rí ohun tí ìbínú ẹ ò rí ni: ẹni tó o fẹ́ bá jà náà ló máa kó ẹja ọ̀la fún ẹ.

Ti olówó ńkọ́? Ìbínú ẹni tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kò di rere torí pé ó lè borí. Òun gan-an ló léwu jù, torí kò sí ẹni tó máa di ọwọ́ ẹ̀ mú. Òwe tiẹ̀ ni pé ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni. Ẹsẹ̀ sì lè yẹ̀ nígbàkigbà.

Ìtàn Ẹ̀pẹ́ wa yìí kún fún un. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Ọba Akítóyè kúrò lórí ìtẹ́ Èkó, Akítóyè sì sá lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà Àgbádárìgì. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó. Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn ẹ̀ fi ìlú sílẹ̀, wọ́n wá fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Bíbọ̀ wọn yẹn làwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àwọn àtọmọdọ́mọ wọn, ṣì ń fi ọdún Káyókáyó rántí. Ní 1853 ó kó ogun padà lọ bá Èkó, kò rí i gbà. Ní 1854 ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn: ó jọ̀wọ́ Èkó, ó sì ń ṣòwò ẹ̀ láti ìhín. Ìgbà tó di 1862 ló tó padà sílé. Mi ò rò pé inú tó ń bí i ní 1853 ti rọ̀ ní 1854. Ilẹ̀ tó dúró lé ló ti wò dáadáa.

Akítóyè ni mo fẹ́ kó o rò wò jù. Kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá yá ẹsẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ náà gbé e padà sórí ìtẹ́. Ní 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú, ọmọ ẹ̀.

Wá ẹsẹ̀, àbúrò mi, ṣùgbọ́n mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó o ti máa yá a. Má pe sójà, má pe àwọn ọmọ àdúgbò kan kí wọ́n wá dẹ́rù bà á. Mú ìwé tó o fi ń kọ gbèsè sílẹ̀, mú ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó o sanwó, kó o bẹ ìyá àgbà yẹn kó sìn ẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà. Bí wọ́n bá ní kó o rojọ́, sọ pé ó dùn ẹ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Àwọn náà ò lè rí inú ẹ àfi bó o bá sọ ọ́. Sọ iye tó o san, sọ èébú náà bó ṣe bú u gan-an, kó o sì jẹ́ kí òun náà rojọ́ tiẹ̀ tán kó o tó dá a lóhùn. Bí ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, má béèrè owó ìtanràn. Ní kó bẹ̀ ẹ́ níbi tó ti bú ẹ, lójú àwọn èèyàn kan náà.