Ẹ̀yìn Hilux mi ń hu

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n pààrọ̀ kíráwùn àti píníọ̀nù (jíà ńlá àti kékeré tó ń yí táyà ẹ̀yìn) Hilux mi ní Apo, lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì Abuja, àtìgbà yẹn tí mo bá ti ń sáré lọ́nà Kaduna, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa hu wùùù. Ṣé ọ́ìlì ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ó jọ pé wọn ò sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dáadáa ni. Ní kí mẹkáníìkì tú u, kó kun ọ̀dà sí eyín kíráwùn mélòó kan, kó yí i síwá sẹ́yìn, kó wá wo ibi tí àmì bọ́ sí, àárín eyín la fẹ́. Tó bá wà lórí eyín téńté, píníọ̀nù jìnnà jù nìyẹn, ṣíìmù (wásà pẹlẹbẹ tó ń wà lẹ́yìn píníọ̀nù) tó nípọn jù ló máa fi sí i. Tó bá wà nídìí eyín, píníọ̀nù ti wọlé jù nìyẹn. Kó tún wọn àlàfo àárín eyín, bíi 0.13 sí 0.18 mm, dáyà, géèjì alábẹ́rẹ́ yẹn, ni kó fi wọ̀n ọ́n o, kó má kàn fọwọ́ mì í kó ní "ọ̀gá, ó ti dáa", torí wọ́n fẹ́ràn ìyẹn gan-an!