Google kọ́ ló sọ ọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọkùnrin kan ń ta fáìlì kan fún wa ní ₦5,000. Ó ní ọgọ́rùn-ún ojú òpó tí Google ń fi pamọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n rà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi? Àbí Google nìkan ti tó? Ohun tí Google bá kọ́kọ́ sọ làwa máa ń gbà.

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ má rà á. Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé ní Ìkòròdú, wọ́n ti gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wá fún mi rí. Wikipedia ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Ta ló fi Wikipedia pamọ́? Ẹ tẹ Ẹ̀pẹ́ sórí Google, ẹ ó rí i. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì ń dùn mí pé àwọn tíṣà tí owó oṣù wọn kò tó ná ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wọn.

Gbólóhùn tí ẹ fi parí ìbéèrè yín gan-an ló já mi láyà. Google kì í sọ nǹkan kan. Bí ẹ bá wọ ọjà Olúwo, tí ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja, ẹni tó nawọ́ sí ìsọ̀ kan fún yín kọ́ ló pa ẹja, kò sì mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Iṣẹ́ Google nìyẹn. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń gba orí líǹkì lọ láti ojú ewé kan sí òmíràn, ó ń kó ọ̀rọ̀ tó bá níbẹ̀ sínú atọ́ka ńlá kan. Nígbà tí Larry Page àti Sergey Brin dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1998, èrò tí wọ́n gbé wá láti Yunifásítì Stanford ni pé ojú ewé tí ọ̀pọ̀ ojú ewé mìíràn bá ń tọ́ka sí ló yẹ kó wà lókè. Nǹkan mìíràn ti kún un báyìí, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: òkìkí ni ìyẹn ń wọ̀n. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí lè jẹ́ irọ́.

Ipò òkè pàápàá, wọ́n ń fowó rà á. Obìnrin oníṣòwò kan láti Ṣábọ̀ fi fóònù rẹ̀ hàn mí lórí tábìlì mi. Ó fẹ́ pe báǹkì rẹ̀, ó wá nọ́mbà wọn lórí Google, ó pe èyí tó kọ́kọ́ rí. Ẹni tó gbé e ní kó ka nọ́mbà ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ àti èyí tó wọlé sórí fóònù fún òun. Owó ọjà lọ. Mo tẹ ohun tó tẹ̀ lójú rẹ̀: lórí ìlà àkọ́kọ́, wọ́n kọ “Sponsored” sí i ní lẹ́tà kékeré. Ìpolówó ni. Kò rí i, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó wò ó. Nọ́mbà tí ẹ fi ń pe báǹkì yín wà lẹ́yìn káàdì yín. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú un.

Ìdáhùn tí ẹ̀rọ máa ń hun fúnra rẹ̀ sókè pátápátá náà ńkọ́? Ó ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ láti ibi púpọ̀ ni, ó sì máa ń ṣì í. Ẹ wá ọdún tí wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Badagry. Àwọn kan á ní 1842, àwọn kan á ní 1845. Èwo ni ọmọ yóò kọ? Ojú ewé tó bá sọ ibi tó ti rí tirẹ̀ ni kó kà, kó sì wo òmíràn mọ́ ọn.

Ọgbọ́n méjì péré tó fún kíláàsì yín. Ẹ fi àmì àyọlò ká gbólóhùn, kí Google má bàa tú u ká. Ẹ kọ site:gov.ng tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yín, láìfi àyè sáàárín site: àti gov.ng, ojú òpó ìjọba Nàìjíríà nìkan ni yóò yọ. Wikipedia ní èdè Yorùbá tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí àwọn ọmọ máa wò, níbi tí wọ́n to orísun sí. Internet Archive ní ìwé àtijọ́ tí a lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, wà níbẹ̀ lódindi. Fún oògùn, MedlinePlus ti ilé ìkàwé ìṣègùn Amẹ́ríkà kì í gba ìpolówó, Greenbook ti àjọ NAFDAC sì ń to oògùn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Èmi kì í ṣe dókítà o: ẹ kà á, kí ẹ tó lọ bá dókítà, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀.

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín fún. Lábẹ́ iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ọmọ kọ orúkọ ojú òpó àti ọjọ́ tó kà á. Ẹni tó bá kọ “Google”, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà fún un.