Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ẹsẹ̀ Wọ Ilé Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́

Mẹ́ta nínú àwọn lẹ́tà tí ó wọlé sí wa lóṣù yìí ni ó dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn bí ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Àbújá tàbí ní òkè Ọya ṣe lè gba ilé ní ìlú òkèèrè láìbọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì. Mo kó wọn pọ̀ sójú kan, nítorí pé ohun tí ẹnì kan gbàgbé láti bèèrè ni ẹlòmíràn bèèrè.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Kubwa ni mo ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí mi. Mo ti rí ààyè gbà láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì ní ìlú Leeds, oṣù kẹsàn-án ni a ó sì wọlé. Mo rí ilé kan lórí Facebook, yàrá kan tí ó ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, pọ́ùn 550 lóṣù, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó jọ ọ́ ní àdúgbò kan náà ju 800 lọ. Onílé náà sọ pé dókítà ni òun, pé iṣẹ́ ti gbé òun lọ sí Norway, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò mú ènìyàn wọ ilé náà wò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti san owó oṣù kan àti owó ìdógò oṣù méjì, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,650, òun yóò fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó ti fi ìwé àdéhùn àti àwòrán páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní ẹni mẹ́ta mìíràn ń du ilé náà, pé kí n sanwó kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, àti pé láìsí ìwé àdéhùn ilé, wọn kò ní fún mi ní físà. Bàbá mi ti bá ọ̀rẹ́ wọn kan tí ń pààrọ̀ owó ní Zone 4 sọ̀rọ̀. Ṣé kí a san án?
Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìrìn àjò, Kubwa.

ÌDÁHÙN: Ẹ má san án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ bàbá yín kí wọ́n dá ọ̀rẹ́ wọn ní Zone 4 dúró lónìí, kí ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Àbújá, mo san owó yàrá kan ní Nyanya fún ejẹ́ǹtì kan tí ó mú mi wọ ilé náà, tí ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún mi, tí ó sì kọ rìsíìtì lé mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ tí mo kó ẹrù dé, àwa mẹ́ta ni a pàdé lẹ́nu ọ̀nà, rìsíìtì yàrá kan ṣoṣo náà sì wà lọ́wọ́ oníkálukú wa. Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi wọ ilé náà ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lù ní jìbìtì. Ó dá mi lójú pé bí bàbá yín bá fẹ́ gba ilé ní Lugbe, wọn yóò lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò bi máígádì léèrè, wọn yóò bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, wọn yóò sì wádìí ẹni tí ó ni ilé gan-an kí náírà kan tó kúrò lápò wọn. Ìwádìí tí a ń ṣe fún Lugbe yẹn, ó yẹ kí a ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ fún Leeds, nítorí pé bí nǹkan bá yí sódì níbẹ̀, a kò lè wọkọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí sọ fún yín. Owó ilé rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò sí nílùú. Kò sí ẹni tí ó lè ṣílẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ yóò gba ọ̀nà jíjìn wá lẹ́yìn owó. Ẹlòmíràn sì ti fẹ́ gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè jẹ́ òtítọ́ lọ́tọ̀. Bí gbogbo wọn bá pàdé lẹ́nu ẹnì kan, iṣẹ́ jìbìtì ni, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù náà ni wọ́n ń ṣe é ní Berlin àti ní Toronto. Páásípọ́ọ̀tù tí ó fi ránṣẹ́ kò fi ohunkóhun hàn, torí pé ó lè jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ti lù ní jìbìtì tẹ́lẹ̀, tí òun náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní àìfura gẹ́gẹ́ bí wọn yóò ṣe ní kí ẹ fi tiyín ránṣẹ́. Ìwé àdéhùn sì rèé, ẹnikẹ́ni tí ó ní kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ ẹ́ jáde.

Òfin ibẹ̀ gan-an ta ko ohun tí ó ń bèèrè. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2019 ni òfin ilẹ̀ England ti sọ pé owó ìdógò kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, fún ilé tí owó ọdún rẹ̀ kò tó pọ́ùn 50,000. Ilé tí ó jẹ́ 550 lóṣù, bí a bá pín owó ọdún rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ 52, ọ̀sẹ̀ márùn-ún rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 634, ọkùnrin yìí sì ń bèèrè 1,100. Owó tí a fi ń di ilé mú nígbà tí wọ́n ṣì ń yẹ ìwé wò kò gbọdọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí onílé bá sì ti gba owó ìdógò, ó ní ọjọ́ 30 láti fi í sábẹ́ ààbò ọ̀kan nínú ètò mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí: Deposit Protection Service, MyDeposits tàbí Tenancy Deposit Scheme. Kí ẹ bi í léèrè èyí tí ó ń lò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó tilẹ̀ dáhùn, ẹ rántí pé ẹ̀yìn ìsanwó ni ẹ̀rí ààbò yìí ń dé, kò sì lè dáàbò bo ẹni tí ó ti sanwó fún ẹni tí kì í ṣe onílé rárá.

Ọ̀nà wà láti wádìí kí owó tó jáde. Ní England àti Wales, ẹnikẹ́ni lè san owó kékeré fún HM Land Registry, àjọ ìjọba tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀, kí ó lè rí orúkọ ẹni tí ó ni ilé, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí oníjìbìtì náà lè ti ra ìwé kan náà kí ó sì máa jẹ́ orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Scotland ni ẹ ń lọ, dandan ni kí onílé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ sì lè wá orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ náà; Wales náà ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rent Smart Wales. Ejẹ́ǹtì ní England gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ The Property Ombudsman tàbí Property Redress, àwọn tí ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ejẹ́ǹtì. Ojú-ewé àwọn àjọ wọ̀nyí ni kí ẹ fúnra yín lọ wò. Ẹ má tẹ líǹkì tí ejẹ́ǹtì fi ránṣẹ́. Ẹ tún gbé àwòrán ilé náà sínú Google kí ẹ wò ó bóyá ó ti jáde níbòmíràn pẹ̀lú orúkọ onílé mìíràn tàbí ìlú mìíràn. Ọ̀pọ̀ irọ́ ni èyí nìkan ti tú.

Àwọn kan yóò ní ìpè WhatsApp tí a ti ń rí ara ẹni ti tó. Ó dára kí ẹ ṣe é, kí ẹ ní kí ẹni náà ṣí ẹ̀rọ omi, kí ó sún mọ́ fèrèsé kí ẹ lè rí òpópónà, kí ẹ sì fi wé ohun tí Google Street View fi hàn ní àdírẹ́sì náà. Síbẹ̀, àwọn oníjìbìtì kan máa ń gba ilé ọlọ́jọ́ díẹ̀, wọn yóò wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn yóò sì máa fi í han àwọn tí ń wálé bí ẹni pé tiwọn ni. Ohun tí ó dára jù ni kí ènìyàn yín kan fi ẹsẹ̀ rẹ̀ débẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìdílé Yorùbá kan máà ní ẹni tí ó mọ ẹnì kan ní Leeds, bóyá ọmọ ìjọ yín, ẹni tí ẹ jọ lọ sí yunifásítì, tàbí ọmọ ìlú yín. Kí ẹ má tijú láti bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ Zone 4 ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù, nítorí pé kò sí ẹni tí ń sọ ọ́. Bí bàbá yín bá gbé náírà fún apààrọ̀ owó, tí òun sì ní kí ẹnì kan tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san pọ́ùn sínú àkáǹtì onílé, owó náà yóò dé lórúkọ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Orúkọ yín kò sí níbẹ̀, ti bàbá yín kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà, kò sí báńkì kankan tí ẹ lè tọ̀ lọ pé owó wa ni èyí. Ẹ̀wẹ̀, bí ènìyàn bá ń fi owó ránṣẹ́ láti inú báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, báńkì máa ń sọ fún un bóyá orúkọ tí ó kọ bá àkáǹtì náà mu, ṣùgbọ́n ẹni tí apààrọ̀ owó rán níṣẹ́ ni yóò rí ìkìlọ̀ náà, kò sì ní ìdí kankan láti dúró. Ẹ san owó ilé láti inú àkáǹtì tí ó ń jẹ́ orúkọ yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti débẹ̀.

Ní ti físà, irọ́ pátápátá ni. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í bèèrè ìwé àdéhùn ilé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó fún un ní físà. Nọ́ńbà CAS tí yunifásítì fún yín láti fi hàn pé wọ́n ti gbà yín, ẹ̀rí owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ti oúnjẹ, pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Nítorí náà kò sí ohun tí ń lé yín. Ẹ kọ ìwé sí ọ́fíìsì ilé gbígbé ní yunifásítì yín lónìí, kí ẹ bèèrè yàrá tiwọn tàbí orúkọ àwọn onílé tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Bí kò bá sí, ẹ gba ibi tí ẹ ó sùn sí fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí ẹ débẹ̀ kí ẹ sì fi ojú yín wálé. Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn yóò dà bí owó ńlá. Kò tó 1,650.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi dé Manchester láti kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní oṣù tó kọjá, ó sì bá ìdílé mìíràn nínú ilé tí a ti san pọ́ùn 1,200 lé lórí. Ọ̀dọ̀ apààrọ̀ owó ni a gbà san án. Ẹnì kan lórí WhatsApp ní bí a bá fún òun ní 200, òun yóò gba owó náà padà. Àbúrò mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ rárá.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kàdúná.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tí ń bèèrè 200 yẹn, oníjìbìtì kejì ni, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ gan-an. Ẹ má dá a lóhùn mọ́.

Mi ò ní tàn yín nípa owó náà. Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni òfin ti ní kí àwọn báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa dá owó padà fún oníbàárà tí wọ́n bá fi ẹ̀tàn gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, títí dé 85,000, ṣùgbọ́n owó tí ó ti inú àkáǹtì kan níbẹ̀ lọ sí òmíràn níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, oníbàárà sì ni ẹni tí ó ni àkáǹtì tí owó ti jáde. Nínú ọ̀rọ̀ yín, ènìyàn apààrọ̀ owó ni. Ẹ lọ bá apààrọ̀ owó náà lónìí, kí ẹ ní kí ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ fẹjọ́ sun báńkì rẹ̀ kíákíá, nítorí ọjọ́ tí ó bá ń kọjá ni owó ń jìnnà sí i. Kí àbúrò yín fẹjọ́ sun ọlọ́pàá níbẹ̀, kí ó gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà, kí ó má sì pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nínú fóònù rẹ̀. Bí ẹ bá fura pé ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, EFCC ní ọ́fíìsì ní Kàdúná tí ẹ lè mú ìwé ẹ̀sùn lọ.

Àmọ́ ìtìjú rẹ̀ ni ó ń dùn mí jù. Ọmọ tí ó wà nínú òtútù ní ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí ó sì rò pé òun ti fi owó ẹ̀gbọ́n òun ṣòfò, lè máa sùn níbi tí kò yẹ kí ó sùn. Ẹ pè é lálẹ́ yìí. Kí ẹ sọ fún un pé ẹ kò bínú sí i, kí ó sì lọ sọ fún ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì rẹ̀ pé òun kò nílé, nítorí pé irú ìṣòro yìí wà lára iṣẹ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì ni mí ní Kánò, mo ti rí iṣẹ́ gbà ní Jámánì. Onílé kan ń bèèrè owó ìdógò oṣù mẹ́ta. Ṣé jìbìtì ni?
Nọ́ọ̀sì, Sabon Gari.

ÌDÁHÙN: Iye yẹn nìkan kò sọ ọ́ di jìbìtì. Òfin Jámánì gba kí owó ìdógò tó oṣù mẹ́ta, láìka owó ìmúlégbóná àti omi mọ́ ọn, ó sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti san án ní ìgbà mẹ́ta, tí ti àkọ́kọ́ yóò jẹ́ nígbà tí ìyálégbé yín bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó rí ilé ni kí ẹ sá fún. Bákan náà, láti ọdún 2015, ẹni tí ó bẹ ejẹ́ǹtì níṣẹ́ ni ó ń san owó rẹ̀, nítorí náà ejẹ́ǹtì tí onílé pè kò ní ẹ̀tọ́ láti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá wọlé ni ẹ ó lọ forúkọ àdírẹ́sì yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú, ìwé tí onílé buwọ́ lù, tí wọ́n ń pè ní Wohnungsgeberbestätigung, ni ẹ ó sì mú dání. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ onílé yín bóyá yóò fún yín ní ìwé yìí. Bí ó bá ní òun kò lè kọ ọ́, ẹ fi ilé náà sílẹ̀, bó ti wù kí ó wù yín tó.