Nǹkan ń rìn lórí ọkọ mi, àyẹ̀wò kò sì rí nǹkan kan: níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Láti Kábà ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹni ọdún 52 ni ọkọ mi, olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ní oko kájú. Ẹ̀gbọ́n wọn kú ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí àwọn bí èèrà, etí ń hó, àyà ń já. Aago méjì òru ni wọ́n máa ń jí, oorun kì í sì í padà wá. Wọn kì í báni ṣeré mọ́. A ti tọ́jú ibà lẹ́ẹ̀mẹta, táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ní ọdẹ orí ni, ká lọ bá oníṣègùn. Àwọn ará ìjọ ní ká gbààwẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn fúnra wọn pé bí àwọn bá lọ rí dókítà ọpọlọ, aráyé á ní orí àwọn ti dàrú, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Òkun o, ìyá wa. Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ sì kú ìtọ́jú ọkọ.

Ọkọ yín kò ṣe àṣejù o. Ohun tó ń ṣe wọ́n lára gan-an ni wọ́n ń sọ. Láti 1987 ni ọ̀rọ̀ ọdẹ orí ti wà nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ: nǹkan tó ń rìn lórí, etí tó ń hó, àyà tó ń já, oorun tó ń dá. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn aláìsàn náà wò fínnífínní, ìbànújẹ́ ọkàn tó ti di àìsàn, tàbí ìpayà, ni wọ́n bá nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Méjèèjì ló ní ìtọ́jú.

Pé ẹkún ṣì ń gbọ̀n wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́rin kì í ṣe àìsàn. Ọ̀fọ̀ máa ń wá, ó máa ń lọ. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣì lè rẹ́rìn-ín bí ọmọ rẹ̀ bá dá àpárá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ọkàn kò là lójúmọ́ kan, tí ohun tí ènìyàn fẹ́ràn kò wù ú mọ́, tí oorun, oúnjẹ àti iṣẹ́ ti yíngin, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀fọ̀ nìkan. Jíjí láago méjì tí oorun kò padà wá yẹn, àmì kan tí àwa máa ń fojú sí gidigidi ni.

Ibi tí nǹkan ti ń wọ́ jù ni bí a ṣe ń ro ẹjọ́ fún dókítà. Aláìsàn á ní, "Orí mi ń rìn, ara mi kò le," á sì dákẹ́. Èrò pọ̀ níta, wọ́n á kọ oògùn ibà fún un. Bí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò Widal, ó lè fi táífọ́ọ̀dù hàn lára ẹni tí kò ní in lọ́wọ́lọ́wọ́, nítorí níbi tí àrùn náà ti wọ́pọ̀, ipa rẹ̀ máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Báyìí ni abẹ́rẹ́ ṣe ń gorí abẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá lọ. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ikú tó ṣáájú rẹ̀. Aago tí wọ́n sùn àti aago tí wọ́n jí fún ọjọ́ méje. Bóyá ṣòkòtò wọn ti ń tú nídìí. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí wọn kò ṣe mọ́. Gbogbo oògùn àti àgbo tí wọ́n ti lò, títí kan ti oníkẹ́míìsì, ọtí àti obì. Obì ń lé oorun, ó sì ń mú àyà sáré, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń máàkì ìwé lóru. Kí gbólóhùn àkọ́kọ́ jẹ́: "Ó ti di oṣù mẹ́rin tí wọn kò sùn dáadáa, inú wọn kò dùn, nǹkan kan kò sì wù wọ́n mọ́." Lẹ́yìn èyí ni kí orí tó ń rìn tẹ̀ lé e.

Bí ìgbà kan bá ti wà rí tí wọn kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sì rẹ̀ wọ́n, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, tí wọ́n ń náwó ní ìnákúnàá, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Oògùn ìbànújẹ́ nìkan lè tì wọ́n padà sínú irú ipò bẹ́ẹ̀. Ẹ tún béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, HIV, àti ti ẹ̀yà ara inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, torí pé bí èyí bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, òun náà ń já àyà, ó ń lé oorun.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń wúwo lẹ́nu ìyàwó. Ẹ bi wọ́n nígbà tí àwọn ọmọ kò sí nítòsí: "Ṣé ó ń ṣe yín bíi kí ẹ má jí mọ́? Ṣé ẹ ti rò ó láti gbẹ̀mí ara yín?" Bíbéèrè lọ́wọ́ wọn kò ní fi èrò náà sí wọn lọ́kàn, ìtura ló sábà máa ń jẹ́ fún ẹni tó ti ń dá a rò. Kí ẹ tó gbọ́ ìdáhùn pàápàá, ẹ kó oògùn kòkòrò àti oògùn koríko tí ẹ ń fín sí oko kájú kúrò nílé, kí ẹbí kan bá yín tì í mọ́ ibòmíì. Èyí tó ní paraquat nínú, ẹnu kan péré lè pa ènìyàn, kò sì ní oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan. Bákan náà ni bí wọ́n bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, tàbí bí apá àti ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé rọ.

Bí kò bá sí èyí, ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà tó súnmọ́ yín tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ Ẹ̀gbẹ̀ lè lọ sí ilé ìwòsàn ECWA. Ẹ béèrè bóyá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó mọ̀ nípa ìlera ọpọlọ wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ gba lẹ́tà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja tàbí ti Yunifásítì Ìlọrin. Irú àìsàn yìí, ilé ni ọ̀pọ̀ ti ń gba ìtọ́jú, wọn kì í dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Arò, l'Abẹ́òkúta, láti 1954, dókítà ọpọlọ tó ń jẹ́ Lambo ní kí ẹbí máa bá aláìsàn gbé lábúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹ̀yin náà wà lára ìtọ́jú yìí.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún wọn ní oògùn ìbànújẹ́ bí amitriptyline, tí a sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 25 mg lálẹ́, tàbí fluoxetine 20 mg láàárọ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ oògùn nù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnu á gbẹ, oorun á máa kùn wọ́n, tàbí kí inú máa rìn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ọkàn kò tíì là. Ọkàn máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, ìgbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ara bá yá, ó kéré tán kí wọ́n lò ó fún oṣù mẹ́fà sí i, kí dókítà sì dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ìtọ̀ bá ti ń ṣòro fún wọn, tàbí wọ́n ní àrùn ọkàn, kí wọ́n sọ ọ́ kí wọ́n tó gba amitriptyline. Ọ̀dọ̀ yín ni kí sáṣẹ́ẹ̀tì wà, nítorí ẹni tó bá lò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè kú. Ẹ má sì ra Valium, oògùn tó ń mú oorun wá, fún wọn níta. Bí ènìyàn bá ti lò ó lójoojúmọ́ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ó lè di pé kò lè sùn láìsí i. Ẹ béèrè fún ẹni tí wọ́n á máa bá sọ̀rọ̀ déédéé nípa ikú ẹ̀gbọ́n wọn. Èyí kì í ṣe àfikún lásán, òun náà ń wo àìsàn yìí.

Àdúrà dára, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbà á. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ààwẹ̀ gba oògùn lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má sì gba àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lé oògùn dókítà. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń de aláìsàn tàbí nà án, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ní ti iṣẹ́, òfin ìlera ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́, kò fàyè gba kí a torí àìsàn ọpọlọ dá ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá nílò ìsinmi, kí dókítà kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé pé wọ́n ń gba ìtọ́jú, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọ́n á fi sinmi. Ẹ sọ fún dókítà náà pé ẹ kò fẹ́ kó dárúkọ àìsàn náà síbẹ̀.