Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Inú Ti Kéré, Ọwọ́ Ò Tíì Mọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sáà máa pè mí ní Ìyá Ìbejì, Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ó ti lé ní ọdún méjì tí wọ́n ṣe sleeve fún mi, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé àpò oúnjẹ inú ikùn kù kéèyàn lè fọn, kílò 121 ni mí nígbà yẹn, ìtọ̀ ṣúgà ti ń yọjú, orúnkún ò jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn. Láàárín ọdún kan ààbọ̀ mo ti bọ́ sí 79, gbogbo aṣọ mi ni mo kó lọ fún télọ̀. Àmọ́ láti bí oṣù mẹ́fà báyìí ni ìwọ̀n ti ń gòkè padà, àná mo bá a ní 86. Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò kì ń jẹun púpọ̀, àmàlà tí mò ń jẹ ò ju òkèlè mẹ́rin lọ, mo ti yó nìyẹn. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀? Ṣé inú mi ti fẹ̀ padà ni? Màmá ọkọ mi náà wà lọ́dọ̀ wa báyìí, Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti wá, tí mi ò bá jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè tán, ojú wọn á yí padà bíi pé mo ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ gbà mí.

Ìyá Ìbejì mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó mú bírò, torí èmi náà ti dúró síbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn rí. 2017 ni wọ́n ṣe tèmi, nígbà tó fi máa di 2019 kílò mẹ́sàn-án ti padà wá bá mi, inú balùwẹ̀ ni mo ti ń sunkún kí àwọn ọmọ má baà gbọ́. Torí náà ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ ò tíì ba nǹkan kan jẹ́. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, àárín ọdún kìíní sí ìkejì ló sábà máa ń fúyẹ́ jù, tó bá ti kọjá ìyẹn, díẹ̀ nínú ìwọ̀n yẹn á padà, ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Kílò 42 lẹ sọ̀ kalẹ̀, 7 ló padà, 35 ṣì wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ ò rù mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi sílẹ̀ kó di 15 o, ìsinsìnyí gan-an ló yẹ ká dá a dúró.

Ẹ bèèrè bóyá inú ti fẹ̀ padà. Ẹ wò ó, sleeve tí wọ́n ṣe yẹn, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò tí oúnjẹ ń wọ̀ nínú ikùn ni wọ́n gé kúrò, èyí tó kù wá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Apá tí wọ́n gé yẹn ló máa ń tú èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ nínú èròjà tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa wá, ghrelin ni wọ́n ń pè é, òun ló fà á tó fi jẹ́ pé ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ èèyàn lè gbàgbé oúnjẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àsìkò yẹn kì í pẹ́ títí. Ebi á rọra padà, àpò náà á sì dẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n tí òkèlè mẹ́rin bá ṣì ń yó yín, a jẹ́ pé inú yín ṣì kéré dáadáa. Ibòmíì ni ká ti wá a.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ mú ìwé, ọjọ́ mẹ́ta péré, gbogbo ohun tó bá ti gba ẹnu yín kọjá ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, títí kan èyí tẹ́ ẹ mú nínú àwo àwọn ìbejì, títí kan ọbẹ̀ tẹ́ ẹ tọ́ wò. Mo ṣì ní tèmi lọ́wọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan rèé: aago méje, tíì pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí méjì àti bisikíìtì méjì. Aago mẹ́wàá, chin-chin ẹ̀kúnwọ́ kan níbi iṣẹ́. Ọ̀sán, ìyókù ṣípùsì tọ́mọ mi ò jẹ tán. Láti aago kan sí mẹ́ta, malt kan nínú mọ́tò, díẹ̀díẹ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo dúró ti sítóòfù, ọmọrí ìkòkò lọ́wọ́ òsì, mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún yọ ẹran nínú ọbẹ̀, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Mo wo ìwé yẹn títí. Mi ò jókòó jẹun rárá lọ́jọ́ náà, kò sì sígbà kankan tí mo yó.

Ibi tí ìwọ̀n yẹn ti ń wọlé nìyẹn. Àpò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lè dá oúnjẹ tó bá le, tó bá ki, dúró, ìyẹn ló ń jẹ́ ká yó, ṣùgbọ́n bisikíìtì, áásìkiriìmù, malt, ògì tí wọ́n da mílíìkì àti ṣúgà sí, yíyọ́ ni wọ́n ń yọ́, wọ́n á kọjá lọ, tó bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àyè ti ṣí sílẹ̀ fún òmíràn. Iṣẹ́ abẹ lè dín abọ́ oúnjẹ ńlá kù, kò lè dá ìpápánu dúró, ọwọ́ àwa fúnra wa ni ìyẹn wà.

Ọ̀rọ̀ òkèlè wá ni mo fẹ́ ká jọ sọ dáadáa, torí ìwé tí wọ́n ń fún wa ní ọsibítù níbí, búrẹ́dì àti pasta ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Wọ́n ní ká máa rún ohun tá a bá fi sẹ́nu bí ogún ìgbà ká tó gbé e mì. Ta ló ń rún àmàlà lẹ́nu? Gbígbé la ń gbé e mì, ewédú ló ń tì í lọ. Bẹ́ ẹ bá wá gbé òkèlè mẹ́rin mì, àyè ti tán, ẹja ṣì wà nínú abọ́ lódindi, ẹ ti yó lóòótọ́, àmọ́ nǹkan tí ara ń wá gan-an ò tíì dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń wá bisikíìtì kiri tó bá di aago mẹ́rin. Purotéènì ni nǹkan yẹn, irú èyí tó wà nínú ẹja àti ẹyin. Èyí tí wọ́n ń sọ pé ká máa jẹ tó gíráàmù 60 sí 80 lójúmọ́, ẹyin kan ò ju bíi gíráàmù 6 lọ, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, kì í ṣe nǹkan téèyàn ń ṣèèṣì rí.

Ẹ yí i padà. Ẹja ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ, tàbí adìẹ tó jinná dáadáa, ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e, tí àyè bá ṣẹ́ kù kẹ́ ẹ wá fi òkèlè kan tàbí méjì tó kéré dí i. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú àmàlà, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Yorùbá kankan, ìkẹyìn ni kó máa dé. Ẹran tó bá le, ẹ fi sílẹ̀, ó máa ń há. Tèmi ni mọ́ín-mọ́ín. Inú kọ́ọ̀bù kékeré ni mo ti ń sè é, ẹyin àti ẹja wà nínú ẹ̀, mo máa ń dà á sórí sọ́sà, mo jókòó, mo pa fóònù, ṣíbí tíì ni mo fi ń gé e, tí mo bá ti fi kan sẹ́nu mo máa ń gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀ lórí tábìlì títí mo fi máa gbé ti ẹnu mì. Ó máa ń tó ogún ìṣẹ́jú. Omi ò sí lórí tábìlì, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ, torí omi á ti oúnjẹ yẹn lọ kíákíá. Èyí ló nira fún mi jù, bàbá tó bí mi ò jẹun rí kí ife omi má wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ní ti Màmá, ẹ má bá wọn jà, oúnjẹ yẹn ni wọ́n fi ń sọ pé àwọn fẹ́ràn yín, tẹ́ ẹ bá kọ̀ ọ́ láìsọ ìdí, ìfẹ́ yẹn lẹ kọ̀ lójú tiwọn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín jókòó tì wọ́n, kó ṣàlàyé pé wọ́n gé nǹkan kúrò nínú ikùn ìyàwó òun, ọ̀pọ̀ ìyá ni wọn ò sọ fún, wọ́n rò pé ìyàwó kàn ń ṣe fáàrí. Lẹ́yìn náà ẹ wá bẹ̀ wọ́n níṣẹ́: Màmá, ẹ bá mi se ẹja yín tó rọ̀ yẹn, inú sọ́sà yìí ni kẹ́ ẹ bù ú sí fún mi. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá, ẹ fún wọn níṣẹ́.

Àwọn tó ń polówó lórí WhatsApp pé kẹ́ ẹ máa mu nǹkan olómi nìkan fún ọjọ́ márùn-ún kí àpò inú lè súnkì padà, irọ́ ni, ó ń bí mi nínú gan-an torí ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹ̀. Ọdún méjì ni ọsibítù NHS, ìyẹn ọsibítù ìjọba, tó ṣe iṣẹ́ náà sábà máa ń fi tẹ̀ lé èèyàn, lẹ́yìn ìyẹn ó bọ́ sọ́wọ́ GP, dókítà àdúgbò yín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sọ pé ìwọ̀n ń padà, ẹ ní ẹ fẹ́ rí dayẹtíṣíànì, onímọ̀ nípa oúnjẹ. Oògùn wà tí wọ́n lè fi ran èèyàn lọ́wọ́ báyìí, dókítà ló máa sọ bóyá ó bá yín mu.

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ìbàdàn ni mí. Òkè òkun ni mo ti ṣe bypass, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yí ọ̀nà oúnjẹ padà nínú ikùn, oṣù karùn-ún rèé. Níbi ọjọ́ìbí ọ̀rẹ́ mi mo jẹ kéèkì, mo mu malt, kò pé ogún ìṣẹ́jú tí òógùn bò mí, àyà mi ń lù kìkìkì, mo sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo rò pé mo ti fẹ́ kú.

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. O ò fẹ́ kú, dumping ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àpò kékeré tí wọ́n ṣe fún ọ, nǹkan bíi mílílítà 30 ló ń gbà, wọ́n sì fo ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, wọ́n so ó mọ́ apá ìsàlẹ̀ ẹ̀ tààrà, ṣúgà tó bá já síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á fa omi ara wọ inú ìfun, gbogbo ara á dà rú. Malt àti kéèkì pa pọ̀, àpọ̀jù ni. Irú mìíràn wà tó máa ń dé lẹ́yìn wákàtí kan sí mẹ́ta, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń já wálẹ̀, ara á máa gbọ̀n. Tó bá ń ṣe ọ́ léraléra tàbí o dákú, ọsibítù ni kí o lọ. Ọtí náà, rọra o, kíákíá ló ń wọ ara ẹni tó ṣe bypass, ó sì ń di bárakú fún àwọn kan tí kò ṣe tẹ́lẹ̀. Tí ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́, sọ fún oníkẹ́míìsì pé o ò gbọ́dọ̀ lo ibuprofen tàbí diclofenac, wọ́n lè dá egbò sí ojú ibi tí wọ́n so yẹn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń po oògùn ara ríro pọ̀ fún èèyàn nílé, má gba èyí tí o ò mọ orúkọ ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́ta rèé tí wọ́n ti ṣe bypass fún mi, ara mi le, ṣé mo lè dá fítámìnì dúró?

Rárá o. Títí ayé ni. Ara tí wọ́n ti yí ọ̀nà oúnjẹ ẹ̀ padà ò lè fa B12, áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ́ọ̀mù bíi ti tẹ́lẹ̀, èyí tó wà nílẹ̀ ló ń tán díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ara dà bí ẹni pé ó le. Abẹ́rẹ́ B12 oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ má pa á jẹ. Tẹ́ ẹ bá ti dá a dúró, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí oṣù yìí tó parí, ẹ sì sọ ọ́ di mímọ̀ fún dókítà pé ẹ dá a dúró, wọn ò ní bá yín jà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń bì lójoojúmọ́ ni, tí nǹkan ò dúró nínú, ẹ má dúró de èsì lẹ́tà, ẹ lọ lónìí.